Ọ̀nà tí ó Lọ sí Pápá Ọkọ̀ Òfúrufú ní Kinshasa

Àwọn baba wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni òwe náà ní ìlú púpọ̀, ṣùgbọ́n ìlú ńlá kan ń bẹ ní àárín gbùngbùn Áfíríkà níbi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí bẹ́ẹ̀. Kinshasa ni orúkọ ìlú náà, olú-ìlú Kóńgò, ilẹ̀ tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ṣe àkóso rẹ̀ títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1960. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti àárín ìlú náà lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú N'djili, ìbáà ṣe ọlọ́lá, ìbáà ṣe mẹ̀kúnnù, ọ̀nà ńlá kan ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ọ̀nà Lumumba ni wọ́n ń pè é. Àwa náà ti tọ̀ ọ́, a sì rí i pé ó yẹ kí a ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, nítorí ohun tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ kò kéré, àti nítorí pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ìlú tí ó ní odò àti gọ́tà.

Ọ̀pọ̀ àlejò kì í ka irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ti jókòó tán nínú mọ́tò, ojú wọn a wà lára aago, ọkàn wọn a sì ti dé ilé. A kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ọkọ̀ òfúrufú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó dá wa lójú pé ẹni tí ó bá wo ẹ̀bá ọ̀nà yìí dáadáa yóò mọ ìgbé-ayé àwọn ará Kóńgò ju ẹni tí ó lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé àlejò olówó ńlá lọ.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ìlú náà fún àwọn ọ̀dọ́ inú ilé tí ń ka ìwé yìí. Ní ọdún 1881 ni Henry Morton Stanley, arìnrìn-àjò nì, dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi orúkọ Leopold, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, pè é ní Léopoldville. Ní ọdún 1966 ni wọ́n pa orúkọ yìí tì, tí wọ́n sì mú Kinshasa, tí í ṣe orúkọ abúlé kan tí ó ti wà níbẹ̀ rí. Lónìí a ń fojú díwọ̀n pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 15. Odò Kóńgò ni ààlà rẹ̀ ní ìhà àríwá. Ní òdìkejì odò náà ni Brazzaville wà, tí òun pẹ̀lú jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹni tí ó bá sì dúró létí omi ní ìhín lè rí ilé àwọn ará ọ̀hún.

Àdúgbò Gombe, níbi tí àwọn ilé ìjọba àti ilé àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè wà, ni a ti gbéra. Láti ibẹ̀ dé pápá ọkọ̀ òfúrufú jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 25, èyí tí mọ́tò kò ní fi wákàtí kan rìn bí ọ̀nà bá ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà wá sílé ti kìlọ̀ fún wa pé kí a jáde ní wákàtí márùn-ún ṣáájú. Ẹnu yà wá, a sì bi awakọ̀ wa bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáhùn pé, "Papa, ọ̀nà yìí ni ó ń pinnu, kì í ṣe aago." Papa ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọkùnrin tí ó bá ti dàgbà, bí wọ́n ti ń pe obìnrin ní Mama, a kì í sì í gbọ́ kí ọmọdé pe àgbà ní orúkọ lásán. Ohun yìí mú inú wa dùn púpọ̀, nítorí ó dà bí ilé.

Ohun kìn-ín-ní tí ó gba ojú wa ni àwọn ọkọ̀ èrò. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ Mercedes àlòkù tí a ti fi kó ẹrù rí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n gé fèrèsé sí wọn lára, wọ́n sì to àga pákó sínú wọn. Àwọn ará ìlú fún wọn ní orúkọ tí ń ba ni lẹ́rù ní èdè Faransé, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "Ẹ̀mí Ikú", nítorí jàm̀bá tí wọ́n máa ń ṣe. Nígbà tí àwọn bọ́ọ̀sì tí ó sàn jù wọ́n lọ dé, "Ẹ̀mí Ìyè" ni wọ́n sọ àwọn wọ̀nyí. Ènìyàn tí ó lè fi ìpọ́njú rẹ̀ ṣe ẹ̀rín báyìí kò tíì sọ ìrètí nù.

Àwọn èrò tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà kì í sábà pariwo orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀: ẹnìkan a na ìka síbí, ẹlòmíràn a yí ìka po lókè, awakọ̀ a sì mọ̀ lójú kan náà bí ọ̀nà tirẹ̀ àti ti èrò náà bá dọ́gba. Bí ó bá dọ́gba, ọkọ̀ a rọra díẹ̀, èrò a sì fò wọlé. A rí ìyá kan tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ó ru ọpọ́n búrẹ́dì, tí ó sì wọ ọkọ̀ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé búrẹ́dì kan já bọ́.

Ní àwọn oríta ìlú náà, kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ni ó ti darí ọkọ̀ rí. Ní ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣẹ́-ẹ̀rọ kan, tí Thérèse Izay jẹ́ olórí fún, gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí wọ́n ṣe ní àwòrán ènìyàn. Ó ga ju ènìyàn lọ, agbára oòrùn ni ó ń lò, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀, ó ń yí ara padà, ó ń na apá láti dá ọkọ̀ dúró, ó sì ń ya àwòrán ohun tí ń lọ lójú títì. Awakọ̀ wa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun bọ̀wọ̀ fún un ju ọlọ́pàá lọ, nítorí kò ní àpò tí a lè ki owó bọ̀. Kì í ṣe òkèèrè ni a ti rà á wá. Ọwọ́ àwọn ọmọ Kóńgò, àní àwọn obìnrin wọn, ni ó ṣe é.

Bí a ti ń lọ, a kò jìnnà sí Ndolo, pápá ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí ó wà láàrin ilé àti ọjà. Ọjọ́ búburú kan wà nínú ìtàn ibẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, ọkọ̀ òfúrufú akẹ́rù kan tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù kò lè gòkè. Ó sáré kọjá òpin pápá, ó sì wọ inú ọjà Simbazikita lọ láàrin àwọn tí ń rà àti àwọn tí ń tà. Àwọn tí ó kú lé ní 200, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Bí a bá béèrè pé kí ni ọjà ń wá nídìí pápá ọkọ̀ òfúrufú, ìdáhùn kò jìnnà: ilẹ̀ há, ènìyàn pọ̀, ibi tí èrò bá sì ń gbà kọjá ni aláìní ń gbé igbá rẹ̀ sí. Ní pápá yìí kan náà ni àwọn ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ péjọ ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí Póòpù Francis wá sí Kóńgò. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà N'djili ni ó gbà wọ ìlú, ogunlọ́gọ̀ sì tò sí ẹ̀bá ọ̀nà láti kí i káàbọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a dé Limete. Ní àdúgbò yìí nọ́mbà ni orúkọ òpópó: Òpópó Kìn-ín-ní, Òpópó Keje, Òpópó Kẹwàá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá mọ oókà kò lè ṣìnà níbẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ilé gogoro kan dúró, tí ó ga ju mítà 200 lọ, tí a sì ń rí láti ọ̀nà jíjìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà ìjọba Mobutu, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi wà láìparí. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ère ọkùnrin kan wà, tí ó gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tí ń kí èrò ọ̀nà. Patrice Lumumba nìyẹn, ẹni tí ọ̀nà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Lumumba ni olórí ìjọba kìn-ín-ní tí Kóńgò ní nígbà tí ó gba òmìnira, kò sì tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi mú un kúrò nípò. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961 ni wọ́n yìnbọn pa á ní ilẹ̀ Katanga pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n sì pa òkú wọn run kí ibojì má baà sí. Eyín kan ṣoṣo ni ó kù, èyí tí ọlọ́pàá ará Bẹ́ljíọ̀mù kan mú lọ sí ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù dá eyín náà padà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi sínú pósí, wọ́n gbé e káàkiri ilẹ̀ Kóńgò, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ibojì nídìí ilé gogoro yìí ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn kan fọ́ ibojì náà, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kéde pé eyín náà wà ní ìpamọ́. Ìtàn yìí kò ní ṣòro fún wa láti mọ̀ lára, nítorí ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, bí ẹnìkan bá kú sí àjò tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni àwọn baba wa ń mú bọ̀ wá sin. Ó di ọdún 61 kí ọmọ yìí tó padà sí ilé, àmọ́ ó padà.

Láti Limete a dé afárá odò N'djili, odò tí pápá ọkọ̀ òfúrufú ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a kọjá, omi náà rọra ń lọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àwọn ọgbà ẹ̀fọ́ wà lẹ́bàá rẹ̀, tí ebè wọn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn obìnrin sì ń bomi rin wọ́n. Ṣùgbọ́n awakọ̀ wa kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí a dé ibẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ògiri ilé kan níbi tí àmì ẹrẹ̀ ṣì wà, ó ga tó àyà àgbàlagbà, ó sì wí pé, "Ibí yẹn ni omi dé."

Ní òru ọjọ́ 4 mọ́jú ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni òjò ńlá rọ̀, tí odò N'djili sì kún bo bèbè. Ó wọ ilé, ó gbé ọgbà lọ, ó sì bo ọ̀nà Lumumba mọ́lẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 33 ni ìjọba kọ́kọ́ ròyìn pé ó kú. Àwọn tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú kò lè dé N'djili, àwọn tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò lè wọ ìlú, títí ìjọba fi ní láti wá ọkọ̀ ojú omi tí yóò máa kó wọn gba orí odò Kóńgò. Awakọ̀ wa sọ fún wa pé òru méjì ni òun fi sùn nínú mọ́tò ní ìhà kejì afárá, tí ìyàwó òun àti àwọn ọmọ sì wà ní ìhà kìn-ín-ní, tí òun kò mọ̀ bóyá wọ́n wà láàyè. Ọlọ́run ṣe é, ó bá wọn láyọ̀. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wọn kan kò rí ilé rẹ̀ mọ́.

Òjò nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi. Orí òkè oníyanrìn ni apá púpọ̀ nínú ìlú náà wà. Bí wọ́n ti gé igi tí wọ́n sì kọ́ ilé sí i, iyanrìn ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ sínú odò, ìsàlẹ̀ odò a sì máa ga sí i. Àwọn ènìyàn tí kò rí ilẹ̀ mìíràn kọ́lé sí ibi tí ó yẹ kí omi máa gbà. Ìgò ọ̀rá sì kún inú gọ́tà lọ́nà tí ẹsẹ̀ lè gbà rìn lórí rẹ̀ láìkan omi. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní oṣù kejìlá ọdún 2022 pẹ̀lú, nígbà tí àkúnya omi pa ènìyàn tí ó ju 120 lọ ní ìlú yìí. Níbi tí ọ̀nà kan ṣoṣo bá ti wọ ọjà, ìgò tí ọmọdé jù sí gọ́tà kì í ṣe ohun kékeré.

Bí a ti kọjá afárá, Masina ni ó wà lọ́wọ́ òsì wa, N'djili àti Kimbanseke sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Níbí ni ọ̀nà ti di ọjà pátápátá. Masina kún fún ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń pè é ní Ṣáínà. Mọ́tò wa kò rìn mọ́, nítorí náà ọjà ni ó ń rìn kọjá lára wa. Ọmọkùnrin kan ru ẹyin sísè pẹ̀lú ata lílọ̀. Òmíràn ń fi ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì lu àpótí kí a lè mọ̀ pé bàtà ni òun ń dán. Òmíràn ń mi àwọn ìgò kéékèèké jọ, wọ́n ń dún woro-woro, èyí jẹ́ àmì pé òun ń kun èékánná fún àwọn obìnrin. Àwọn ọlọ́mọlanke ń ti ẹrù tí ó ga ju ilé lọ, òógùn bò wọ́n, wọ́n sì ń ké sí mọ́tò pé kí ó yà fún àwọn, mọ́tò a sì yà.

Àwọn ìyá tí ń ta oúnjẹ ni ó wù wá jù lọ. Wọ́n ń ta kwanga, èyí tí a fi gbàgúdá ṣe: wọn a rẹ ẹ́ sómi, wọn a gún un, wọn a dì í sínú ewé bí a ti ń di èkọ, wọn a sì sè é títí yóò fi le. Ó lè wà fún ọjọ́ púpọ̀ láìbàjẹ́, òun sì ni àwọn arìnrìn-àjò ojú odò ń gbé dání. Ewé gbàgúdá, tí àwa ń fi fún ewúrẹ́, ni wọ́n ń gún tí wọ́n sì ń fi epo pupa sè, wọ́n ń pè é ní pondu. A tọ́ ọ wò, a sì rí i pé ewúrẹ́ ilé wa ti ń gbádùn tipẹ́. Kòkòrò gbígbẹ tí ń jẹ ewé igi wà nínú igbá pẹ̀lú, tí wọ́n ń fi ife wọ̀n. Nígbà tí a kí ìyá tí ń tà á ní èdè Lingala pé "Mbote, Mama," ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ènì fún wa.

Pátákó àwọn ilé ìsìn kò lóǹkà. A bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n, ṣùgbọ́n a pa á tì kí a tó dé ìdajì Masina. Láàrin èrò ni ẹgbẹ́ kan ń fun fèrè idẹ, wọ́n wọ aṣọ àwọ̀ ewé àti funfun. Àwọn ọmọ ìjọ Kimbangu ni. Simon Kimbangu bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní abúlé rẹ̀, Nkamba, ní ọdún 1921. Ní ọdún yẹn náà ni ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù mú un, inú ẹ̀wọ̀n ni ó sì kú sí ní ọdún 1951, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Láti ọdún 2023 ni ìjọba Kóńgò ti sọ ọjọ́ 6 oṣù kẹrin di ọjọ́ ìsinmi ní ìrántí rẹ̀.

Ohun ìkẹyìn tí a rí kí a tó yà sí pápá ọkọ̀ òfúrufú ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, nítorí ọ̀nà náà kò parí ní N'djili. Ó ń lọ sí òkè pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní Bateke, ó sì ń lọ títí dé Kikwit. Àpò gbàgúdá àti àpò èédú ni ó wà nínú wọn, àwọn ènìyàn sì jókòó sórí àpò. Èédú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Kinshasa fi ń dáná, igbó sì ń tán nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibì kan tí à ń pè ní Mampu, nǹkan bí kìlómítà 140 sí ìlú, wọ́n gbin igi akéṣíà sí ilẹ̀ oníyanrìn. Nígbà tí igi náà bá dàgbà, àwọn àgbẹ̀ a gé e sun di èédú, wọn a gbin gbàgúdá sí àyè rẹ̀, wọn a sì tún jẹ́ kí igi hù. Èyí fi hàn pé a lè jẹ nínú igbó láìjẹ igbó tán.

Báyìí ni a dé N'djili, tí ó ku wákàtí kan àbọ̀ kí ọkọ̀ wa gbéra. Nígbà tí ó gòkè, a wo ìsàlẹ̀, a sì rí gbogbo ọ̀nà náà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, odò N'djili sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Láti òkè a kò rí ọlọ́mọlanke, a kò rí ọmọ ẹlẹ́yin, a kò sì rí àmì ẹrẹ̀ lára ògiri. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn tí ń fò kọjá fi ń tètè gbàgbé àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn tí ó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà yìí kò ní ibi tí wọ́n ń fò lọ. Fún wọn, ọ̀nà náà ni ọjà, òun ni oko, òun ni ilé ìwòsàn, nítorí òun ni ó ń gbé wọn dé gbogbo ibi wọ̀nyí. Àwa tí a ń gbé ìlú tí ó ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀pọ̀ yẹn ṣe àbò, nítorí àkúnya omi Ògùnpa ní Ìbàdàn ní ọdún 1980 ti kọ́ àwọn àgbà wa lẹ́kọ̀ọ́. Kí olúkúlùkù baálé jáde ní ọjọ́ Sátidé yìí, kí ó wo gọ́tà iwájú ilé rẹ̀, kí ó sì mú àwọn ọmọ dání pẹ̀lú ọkọ́ àti igbálẹ̀. Òjò tí yóò rọ̀ kò ní sọ fún wa tẹ́lẹ̀.